Àtẹ̀gùn Kì Í Kórìíra Ẹnikẹ́ni

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ìbéèrè kan rèé tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí arọ kan bá dé ọ́fíìsì ìjọba lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí ibi tí wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù sì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò sí ọ̀nà mìíràn ju àtẹ̀gùn lọ, ta ló ṣẹ̀ ẹ́? Akọ̀wé ibẹ̀ kò bú u. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kò lé e. Ẹni tó yàwòrán ilé náà kò mọ̀ ọ́n rí. Síbẹ̀, ó padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ ẹ́, nítorí lójú wa, inú ìkórìíra ni ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ wo Léfítíkù 19:14. Ọlọ́run kò kàn sọ pé ká má ṣépè fún adití. Ó tún kìlọ̀ pé ká má gbé ohun ìkọ̀sẹ̀ síwájú afọ́jú. Òfin náà kò béèrè bóyá a kórìíra afọ́jú. Ohun tó wà lójú ọ̀nà ló ń béèrè. Àtẹ̀gùn kì í kórìíra ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó lè dínà mọ́ ènìyàn fún ogún ọdún.

Àwọn mìíràn á ní, ṣebí àwọn ọ̀dọ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n lè gbé e gòkè? Ó dára, mi ò ní kí a má gbé e. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin inú Máàkù orí kejì gbé ẹni tiwọn, Jésù sì rí ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òrùlé ni wọ́n tú, torí pé èrò ti dí ẹnu ọ̀nà pa. A máa ń wàásù nípa àwọn tó tú òrùlé. Àwọn tó dí ẹnu ọ̀nà ńkọ́?

Ẹni tí a ń gbé gbọ́dọ̀ dúró dìgbà tí a bá ráyè. Afọ́jú tí kò rí fọ́ọ̀mù tó lè fọwọ́ kà, akọ̀wé ni yóò ka ọ̀ràn rẹ̀ sókè létí gbogbo èrò. Adití tó lọ sílé ìwòsàn ìjọba tí kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ọwọ́ níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ kékeré ni yóò máa túmọ̀ àṣírí àìsàn ìyá rẹ̀. Àánú lè wà nínú gbogbo èyí, ṣùgbọ́n iyì kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣàánú lè ṣe é lónìí kó má ṣe é lọ́la. Ẹ̀tọ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí òfin fi wúlò. Plateau tí a wà yìí ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2005. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ti ìjọba àpapọ̀, èyí tó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá ti tò sórí ìlà. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti ṣe àtúnṣe. Ọdún 5 náà pé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹ yà sí ọ́fíìsì ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ẹ fojú ara yín rí ohun tó yí padà.

Wọ́n á ní owó kò sí. Lóòótọ́, àtúnṣe ilé àtijọ́ ń náni lówó. Ilé tuntun ńkọ́? Òfin náà ní kí a yẹ àwòrán ilé wò kí a tó kọ́ ọ. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ti wà nínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀ kò gbà ju sìmẹ́ǹtì díẹ̀ àti ìrònú díẹ̀ lọ. Ìrònú yẹn ló wọ́n.

Láìpẹ́, àwọn kan nínú wa á di ayàwòrán-ilé, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé ìjọba. Ọ̀pọ̀ á di agùnbánirọ̀. Bí o bá jókòó sídìí tábìlì yẹn, má dúró dìgbà tí aláàbọ̀ ara bá wá bẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, béèrè pé: ta ni kò lè wọ ibí yìí? Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti gbọ̀ngàn ìpàdé tiwa. Àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀?

Kí Olúwa là wá lójú. Àmín.