Ta Ló Ya Fọ́tò Òkè Denali?

Ní oṣù Keje ọdún 1947, ayafọ́tò Ansel Adams àti Michael ọmọ rẹ̀ wọ̀ sí ahéré àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lẹ́bàá adágún Wonder Lake ní Alaska. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, alẹ́ kì í pẹ́ níbẹ̀. Oòrùn wọ̀ ní nǹkan bí aago 11:30, wákàtí méjì péré ló sì fi sinmi. Nígbà tó máa fi di aago 1:30 òru, Adams ti wà nídìí kámẹ́rà. Ìkúùkuù ti ká kúrò lórí òkè ńlá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, oòrùn tuntun sì bọ́ sí i lórí. Yìnyín ara òkè náà pọ́n bí iyùn tó ti ṣá díẹ̀. Nísàlẹ̀, adágún náà tẹ́ rẹrẹ, ó ń dán láàárín bèbè tó ṣì dúdú bí ìgbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Adams yà á. Kí ìṣẹ́jú 30 tó pé, ìkúùkuù ti dé ṣóńṣó òkè náà ládé, kò sì pẹ́ tó fi bo gbogbo òkè náà.

Ẹ fi fọ́tò yẹn han ìjọ kan lọ́jọ́ Àìkú, ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa sọ kò ṣòro láti mọ̀: Ọlọ́run ló ṣe é. Adams náà sọ ohun tó jọ ọ́ nígbà kan. Ó ní ìgbà míì wà tí òun máa ń dé ibì kan ní wẹ́kú àsìkò tí Ọlọ́run ti ṣetán kí ẹnìkan tẹ kámẹ́rà.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Síbẹ̀, ó yẹ ká tú u wò. “Ọlọ́run ló ṣe é” lè jẹ́ ìrẹ̀lẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà yẹ ẹjọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo òkè náà. Gíga rẹ̀ tó mítà 6,190, kò sì sí èyí tó ga tó o ní Àríwá Amẹ́ríkà. Afẹ́fẹ́ tó rin fún omi máa ń ti ojú òkun wá. Bó bá kọlu òkè, a fò sókè, a tutù, a di ìkúùkuù. Òkè fúnra rẹ̀ ló ń dá ojú ọjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ ibẹ̀ fi ń sọ fún àlejò pé nínú ènìyàn 10 tó bá wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bíi mẹ́ta ló máa rí orí òkè náà. Àwọn ẹ̀yà Koyukon ń pè é ní Denali, ìyẹn ẹni gíga. Ìjọba Amẹ́ríkà sọ ọ́ ní Mount McKinley ní 1917, ó dá Denali padà ní 2015, ó tún fi McKinley rọ́pò rẹ̀ ní 2025. Òkè náà kò dá ẹnikẹ́ni nínú wọn lóhùn.

Kí wá ni ayafọ́tò tó dúró létí irú adágún bẹ́ẹ̀ máa tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run? Àgbẹ̀ mọ ohun tó fẹ́: òjò. Aláró tó sá aṣọ síta mọ̀ pé oòrùn lòun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ayafọ́tò kò fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí oòrùn bá mú ganrínganrín, òkè á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ògiri tí wọ́n kùn lẹ́fun. Bí òjò bá sì ṣú bolẹ̀, kò ní rí òkè rárá. Ohun tó ń wá ni ìgbà tí òjò ń dá, tí kò tíì dá tán, tí ìkúùkuù ṣí díẹ̀ bí ẹni ká aṣọ ojú fèrèsé, tí ìmọ́lẹ̀ wá gba ibẹ̀ yọjú. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ lè má ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà fún un?

Ní Yosemite, ní California, Adams lọ dúró ní Inspiration Point lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kejìlá. Òjò ló kọ́kọ́ rọ̀. Òjò di yìnyín. Ó tó nǹkan bí ọ̀sán kí ojú ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í là, ibẹ̀ sì ni fọ́tò tí wọ́n ń pè ní “Clearing Winter Storm” ti wá. Ká ní Ọlọ́run gba àdúrà ẹni tó ní kí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́ kedere láti àárọ̀ ni, fọ́tò náà kò ní sí.

Ipa tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ń kó nínú irú nǹkan báyìí, àwọn onífá ti rò ó jinlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí Ifá pé orí rere tí ènìyàn yàn kò lè dá ìrìn àjò rìn. Ẹsẹ̀ ló máa gbé e débẹ̀. Ẹsẹ̀ sì ni Adams fi gun òkè ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 1927, ó ru kámẹ́rà àti gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò nígbà náà, nínú yìnyín, láti lọ ya àpáta Half Dome. Nígbà tó débi tó ń lọ, gíláàsì méjì péré ló kù. Ó fi ohun aláwọ̀ ìyeyè bo ojú kámẹ́rà, ó lo ọ̀kan. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ló mọ̀ pé sánmọ̀ rẹ̀ máa mọ́lẹ̀ jù, pé kò ní jọ bí àpáta náà ṣe bà á lẹ́rù. Ó yọ ìyeyè, ó fi pupa sí i, ó lo gíláàsì ìkẹyìn. Sánmọ̀ inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú bí òru.

Níbí, orí àti ẹsẹ̀ nìkan kò tó ṣàlàyé mọ́. Sánmọ̀ ọ̀sán ọjọ́ yẹn kò dúdú. Adams ló fẹ́ kó dúdú.

Kí ó tó gba iṣẹ́ fọ́tò, dùùrù ló kọ́, òun ló sì fẹ́ fi jẹun. Ó máa ń fi nẹ́gátíìfù, ìyẹn àwòrán àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fọ fọ́tò jáde láti inú rẹ̀, wé ìwé tí olórin kọ orin sí, ó ní fífọ fọ́tò ló dà bí jíjókòó sídìí dùùrù. Ẹ wo “Moonrise, Hernandez, New Mexico” tó yà ní 1941. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí i yà, torí kó tó lè ya èkejì, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú inú itẹ́ òkú ìlú náà. Àmọ́ ó fọ̀ ọ́ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọdún sì ṣe ń gorí ọdún ló ń mú kí sánmọ̀ rẹ̀ túbọ̀ dúdú. Àwọn tó fọ̀ ṣáájú ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ìkúùkuù lókè. Nínú àwọn ti ìkẹyìn, òkùnkùn ti gbé e mì.

Ṣé irọ́ wá ni? Rárá. Kò sí ẹni tó ń pe olórin ní òpùrọ́ nítorí pé ó fa ohùn gùn níbi tó wù ú. Ohun tí kò dára ni kó wá sọ pé òun kọ́ ló fà á. Ẹni tó bá gbé gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lé Ọlọ́run lórí ti sọ ọ́ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bi í léèrè mọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ wòlíì tó ní Olúwa ló rán òun mọ ibi tí ọ̀nà yẹn máa ń já sí.

Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí òkè náà lóru, ti Ọlọ́run ni. Dúdú àti funfun inú fọ́tò, ti Adams ni, kó jẹ́jọ́ wọn, kó sì gba ìyìn wọn. Bí òǹkàwé bá pàdé fọ́tò Wonder Lake nínú ìwé tàbí lára ògiri, kó rántí pé òkè yẹn kò funfun ní aago 1:30 òru ọjọ́ náà. Ó pọ́n.