Ọ̀DÁ OWÓ LỌ, IṢẸ́ KÒ DÉ: ẸJỌ́ TA NI?

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìjọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ nínú ìwé àjọ̀dún yìí kò dùn tó ìlù àti ijó, ṣùgbọ́n ó wà nínú ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Bí wọ́n bá ti ní ọ̀dá owó ti lọ, tí ẹnìkan kò sì tíì ríṣẹ́, ṣé ẹ̀bi rẹ̀ ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bó ṣe rí. Ní 2016, ọrọ̀ ajé Nàìjíríà fà sẹ́yìn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní rìsẹ́ṣọ̀n. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò, NBS, kéde pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ìṣirò ilé iṣẹ́ yìí kan náà fi hàn pé ìdá 14.2 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lè ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe é, ni kò ríṣẹ́ ní ìparí 2016. Ní 2017 ó di 18.8, ní 2018 ó di 23.1. Ọ̀dá owó míì tún dé ní 2020, lásìkò àrùn Kòrónà. Nínú oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún náà, ọrọ̀ ajé gbérí díẹ̀. Nínú oṣù mẹ́ta yẹn gan-an ni àìríṣẹ́ṣe dé 33.3. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, oṣù kẹfà 2009 ni ọ̀dá owó tiwọn parí, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ni àìríṣẹ́ṣe wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè dé 10 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kí ló fà á? Àgbẹ̀ ni yóò tètè mọ ìdáhùn. Bí ọ̀dá bá dá, tí ebi mú àgbẹ̀ títí tó fi jẹ àgbàdo tó fẹ́ gbìn, ọjọ́ tí òjò bá padà dé, gbogbo ayé á máa yọ̀, òun á dúró létí oko lọ́wọ́ òfo. Bẹ́ẹ̀ náà ni télọ̀ tó ta maṣíìnì rẹ̀ kó lè san owó ilé. Nígbà tí oníbàárà bá padà, kí ni yóò fi rán aṣọ? Ilé iṣẹ́ tó dá márùn-ún dúró nínú mẹ́wàá ti kọ́ àwọn tó kù láti máa ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Kò ní kánjú pe ẹnikẹ́ni padà. Bí wọ́n bá sì pe ọmọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á ní, “Ọdún mẹ́ta yìí, kí lo ń ṣe nílé?” Àìríṣẹ́ àná ti di ẹ̀sùn tí wọn kò fi ní fún un níṣẹ́ lónìí. Lẹ́yìn èyí, ọdọọdún ni àwọn tuntun ń parí àgùnbánirọ̀, tí wọ́n ń tò sẹ́yìn àwọn tó ti wà lórí ìlà. Epo rọ̀bì pàápàá, tó ran ìṣirò 2017 lọ́wọ́ láti gòkè, kì í gba òṣìṣẹ́ púpọ̀.

Ní 2023, NBS yí ọ̀nà ìṣirò padà, wọ́n ní ìlànà àgbáyé ni: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀, ó níṣẹ́. Iye náà wá sílẹ̀ sí 4.1 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà. N kò bá onímọ̀ jà. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń ra gàrí mọ̀ pé bí a bá pààrọ̀ kóńgò, gàrí inú àpò kò tìtorí ẹ̀ pọ̀ sí i.

Àwọn kan á ní, “Akọ̀wé, ọ̀lẹ wà o.” Lóòótọ́ ni. Ọmọ wà tó jẹ́ pé owó oṣù ló ń wá, kò wá iṣẹ́. Òun ni ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Tẹsalóníkà bá wí. Ṣùgbọ́n ẹ lọ tún un kà dáadáa: ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Àpọ́sítélì ń sọ, kò mẹ́nu kan ẹni tó fẹ́ tí kò rí. Ẹ tún rántí olóko àjàrà inú Ìhìnrere Mátíù. Wákàtí kọkànlá ló bá àwọn kan lórí ìdúró. Nígbà tí wọ́n ní kò sẹ́ni tó gbà wọ́n síṣẹ́, kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lóko. Owó odindi ọjọ́ kan ló san fún wọn. Ẹni tó dúró lóòrùn láti àárọ̀, ṣé ebi ilé rẹ̀ dín ni?

Ó wá kan àwa inú ìjọ. Ẹni tó bá ń tọ́jú ìwé orúkọ máa ń rí i: ẹnìkan á máa san owó ẹgbẹ́ déédéé, àyè rẹ̀ á wá ṣófo lóṣù méjì, lẹ́yìn náà kò ní yọjú mọ́. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tán. Ojú ló ń tì í láti gbọ́ orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn tó jẹ gbèsè ìkórè. Ó tún ku ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ, bí ọmọ tí kò níṣẹ́ bá mọ ilé kùn, wọ́n á ní, “Ṣebí o ò ṣe nǹkankan, wá bá wa kun ilé Olúwa.” Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó níṣẹ́ gidi lóde, tó wá ṣe wáyà iná, wọ́n á sanwó fún un. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, kí a má ka orúkọ ẹni tó jẹ gbèsè ìkórè síta mọ́. Èkejì, bí ẹni tí kò níṣẹ́ bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ìjọ, kí a san owó rẹ̀ kí a tó gbàdúrà fún un. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀gá nílé iṣẹ́, ẹ má ka ọdún tí ọmọ fi jókòó sílé sí i lọ́rùn. Ẹ dán an wò fún oṣù kan ná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ìwé ẹ̀rí kò ní kí ọwọ́ ẹni má kọ́ iṣẹ́ míì.

Àgbẹ̀ tó ti jẹ irúgbìn rẹ̀ nígbà ọ̀dá ṣì dúró létí oko. Ẹni tó bá ní, kó bù fún un. Kí Olúwa ṣe ọdún yìí ní ọdún iṣẹ́ fún gbogbo ọmọ wa. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.