Èrè Àpéjọ
Èrè wo ni ó wà nínú kí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò máa péjọ ṣe fàájì, nígbà tí iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀? Ní Abidjan, ẹgbẹ́ Akendewa, tí a dá sílẹ̀ ní 2009, pe irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ jọ sí àpérò BarCamp. Ní 2011, nígbà tí ìbọn ń ró nígboro nítorí ìjà ìbò, àwọn kan nínú wọn lo àmì #civsocial lórí Twitter láti wá oògùn fún àwọn tí ó gbọgbẹ́. Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ àjèjì gbọ́ lọ́jọ́ ewu? Ìfọkàntán tí a gbìn nígbà fàájì ni a ń kórè nígbà ìdààmú. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ kò ṣeé gbá jọ lójijì.