Ta Ni Òùngbẹ Ń Gbẹ?

“Omi kò lọ́tàá,” ni àwọn àgbà wí, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn. Omi ni a fi ń wẹ ọmọ tuntun, òun ni a fi ń se oúnjẹ, òun náà ni a kọ́kọ́ ń gbé fún àlejò kí a tó bi í léèrè ohun tí ó gbé e wá. Nítorí náà, ó máa ń dàbí àwàdà létí ọ̀pọ̀ ènìyàn bí a bá wí pé omi ni ó ń pa púpọ̀ nínú àwọn ewéko tí a ń gbìn sínú ilé, kì í ṣe òùngbẹ. Bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni. Mo sì rò pé ìbéèrè kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí ó ju ti ewéko lọ: bí ẹnì kan bá ń ṣe ohun rere fún ẹlòmíràn, tí ohun rere náà sì ń pa á, kí ni a óò pe ohun tí ó ń ṣe?

Gbígbin ewéko sínú yàrá kì í ṣe àṣà àtijọ́ wa. Ìta ni àwọn baba wa ń gbìn sí. Pèrègún wà lójú ààlà àti lójúbọ, akòko wà níbi tí a ti ń fi ọba àti ìjòyè jẹ, òdúndún wà lẹ́bàá ilé nítorí àgbo. Rinrin tilẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀ àti nídìí àmù, níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù. N kò tíì rí ẹni tí ó bomi rin ín rí. Òjò ni ó ń tọ́jú gbogbo wọn, òjò kò sì bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kó ewéko wọlé, tí a gbé e sábẹ́ òrùlé níbi tí eji kò ti lè rí i, ọwọ́ wa di òjò fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òjò kì í ṣàníyàn, àwa ń ṣàníyàn.

Èyí tí mo ń bá pàdé jù lọ ní àwọn ilé tí mo ń wọ̀ ní àdúgbò Tẹ́júoṣó ni ìtàkùn kan tí àwọn ará Èkó ń pè ní mọ́nì pláǹtì. Wọn a gbé e ka ojú fèrèsé, tàbí kí wọ́n fi kọ́ ara irin bákónì, a sì máa fà wálẹ̀ bí irun tí a kò dì. Erékùṣù Mo'orea, tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé láàárín Òkun Pàsífíìkì, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Nínú igbó, igi ńlá ni ó ń gùn. Ó ń fi gbòǹgbò tí ó yọ lára ìtàkùn rẹ̀ di èèpo igi mú, ewé rẹ̀ a sì máa fẹ̀ sí i bí ó ti ń gòkè. Lọ́dọ̀ wa, abọ́ ike tí a rà ní ọjà Tẹ́júoṣó (ọjà tí iná jó ní ìparí 2007, tí a sì ṣí tuntun rẹ̀ ní 2014), tàbí garawa ọ̀dà tí ó ti ṣófo, ni púpọ̀ nínú wọn wà. A kì í sì lu ihò sí i nídìí, kí omi má ba à ba ilẹ̀ yàrá jẹ́.

Gbòǹgbò ń mí. Láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀ kan àti èkejì ni àyè tíntìntín wà tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Bí a bá da omi sí i, omi a lé afẹ́fẹ́ jáde. Bí omi náà bá rí ihò ìdí ìkòkò gbà jáde, afẹ́fẹ́ tuntun a wọlé dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ihò kò bá sí, tàbí bí a bá ń da òmíràn sí i lójoojúmọ́ kí ti àná tó fà, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́ mí mọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bẹ́ẹ̀, gbòǹgbò ni ó ń fa omi fún ewé. Èyí tí ó ti jẹrà kò lè fa omi mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú omi ni ó wà. Nítorí náà, ewé ìtàkùn tí omi ń pa a máa rọ, a sì máa pọ́n, gẹ́gẹ́ bí ti èyí tí òùngbẹ ń gbẹ. Aláàánú rí ewé tí ó rọ, àánú ṣe é, ó tún bu omi sí i. Àmì kan náà ni ikú méjèèjì ń fi hàn, ọ̀kan ṣoṣo ni àánú sì mọ̀ ọ́n kà.

Mo mọ ìyá kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ojú irin ní àdúgbò náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó ni ìtàkùn. Ọmọ ọ̀hún lọ sí Kánádà, ó sì fi í sílẹ̀. Ní àràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, ìyá náà a bu ife omi kan sí i. Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sọ ọ́ di ife méjì, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Mo wí fún un pé, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀.” Ó wò mí bí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ burúkú. Ó ní, “Dókítà, ṣé kí n wá máa wo ohun ọmọ mi níran kí òùngbẹ pa á mọ́ mi lójú ni?”

Ìbéèrè gidi ni, n kò sì rò pé a lè fi ọ̀rọ̀ gbòǹgbò nìkan dá a lóhùn. Ọmọ kò sí nílé mọ́ tí yóò bi léèrè bóyá ó ti jẹun. Ife omi àràárọ̀ ni ó kù fún un láti fi ṣe ìyá. Òùngbẹ wà nínú ilé náà lóòótọ́. Ara ìyá ni ó wà, inú ìkòkò ni a sì ń da omi rẹ̀ sí.

Púpọ̀ nínú àwọn òwe wa nípa oore, ẹ̀yìn olóore ni wọ́n wà. Igún ṣe oore ó pá lórí, àkàlà ṣe oore ó yọ gẹ̀gẹ̀: igún àti àkàlà ni a ń káàánú, a kì í béèrè bóyá oore náà bá ẹni tí wọ́n ṣe é fún lára mu. Bẹ́ẹ̀ a ti rí irú ọ̀ràn yìí lórí ọmọ ènìyàn. Láti ayébáyé ni àwọn ìyá ilẹ̀ wa ti ń rọ ọmọ ní omi àti àgbo: a ó tẹ́ ọmọ jòjòló sórí itan, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe abọ́ sí i lẹ́nu, a ó sì máa dà á títí yóò fi gbé e mì. Ìfẹ́ ni. Ooru mú, ìyá ń mu omi, báwo ni ọmọ kò ṣe ní mu? Ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù lọ nínú ọmú fúnra rẹ̀. Ní 1991 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF bẹ̀rẹ̀ ètò láti mú kí àwọn ilé ìwòsàn máa ṣe ìtìlẹ́yìn fún fífún ọmọ lọ́mú. Nígbà tí ó sì di 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé là á mọ́lẹ̀ pé ọmú nìkan, láìfi omi kún un, ni kí a fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Omi a máa gba àyè ọmú nínú ikùn kékeré náà, èyí tí kò bá sì mọ́ a máa fa ìgbẹ́ gbuuru. Mo rántí bí àwọn ìyá àgbà ti gba ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ní ìkà ni ẹni tí ó ní kí a má fún ọmọ lómi.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ọ̀rọ̀, mo máa ń kíyè sí i pé a kò lè pe “tọ́jú” kí a má pe ojú. Ojú ni èdè wa fi sínú ìtọ́jú, kò fi ọwọ́ sí i. Ní ti ìtàkùn yìí, ìka ni ó ń ṣe iṣẹ́ ojú. Kí a ti ìka bọ inú iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀, kí a fi í sílẹ̀, ìbáà ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ó bá gbẹ, kí a bomi rin ín dáadáa títí omi yóò fi máa kán láti ihò ìdí ìkòkò, kí a sì da èyí tí ó bá dúró sínú àwo nù, nítorí ẹ̀fọn. Kò sí iye ọjọ́ tí a lè kà sílẹ̀. Nínú òjò oṣù kẹfà, iyẹ̀pẹ̀ a pẹ́ kí ó tó gbẹ. Nígbà ọyẹ́, tàbí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kì í pẹ́. Ti inú ìkòkò amọ̀ a máa yá gbẹ ju ti inú ike lọ. Ẹni tí ó bá ti rí bí àmù ti ń làágùn mọ ìdí rẹ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, ṣebí a ń rí ìtàkùn yìí kan náà nínú ìgò omi lásán, tí ó ń dàgbà láìsí iyẹ̀pẹ̀? Òótọ́ ni. Gbòǹgbò tí ó hù nínú omi ti mọ omi láti kékeré, ó sì ń rí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ inú omi lò, pàápàá bí a bá ń pààrọ̀ omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbòǹgbò tí ó hù nínú iyẹ̀pẹ̀ kò mọ irú ayé bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí, n kò fara mọ́ àwọn tí wọ́n ń fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yanjú gbogbo irú ọ̀ràn báyìí, bí ẹni pé ife kan sàn ju méjì lọ nígbà gbogbo. Ife kan náà lè pọ̀ jù lónìí, kí ó kéré jù lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ẹni tí kò bá mọ ẹni tí ó ń fún ní nǹkan kò lè mọ ìwọ̀n.

Ìyá náà gbà níkẹyìn kí a yọ ìtàkùn rẹ̀ wò. Gbòǹgbò ti dúdú, ó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, ó sì ń rùn. Ṣóńṣó ẹ̀ka méjì ṣì yè. A gé wọn nísàlẹ̀ oríkèé tí ewé ti yọ, a kó wọn sínú ìgò omi, nígbà tí wọ́n sì yọ gbòǹgbò kúkúrú, a gbìn wọ́n sínú ìkòkò amọ̀ tí ó ní ihò. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo bi í bí ó ti ń bá a lọ. Ó ní bíbomirin kò nira. Àárọ̀ tí òun bá ti ìka bọ̀ ọ́, tí ó ṣì tutù, tí òun sì ní láti gbé ife omi náà padà sí ilé ìdáná, ni kò rọrùn fún òun. Ó ní nígbà mìíràn òun a mu omi náà fúnra òun.