A Kì í Fi Igún Bọ Orí

A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Lóde òní, ọ̀rọ̀ èèyàn la sábà máa ń fi òwe yìí sọ. Bí ọmọdé kan bá fẹ́ kojú ẹni tí apá rẹ̀ kò ká, àgbà á ní kó rọra, pé a kì í pa igún. Bí olóyè kan bá ń na ọwọ́ sí ohun tí ìlú kà léèwọ̀, òwe yìí náà ni wọ́n máa fi dá a lẹ́kun. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi igún bá èèyàn wí, débi pé a ti gbàgbé igún fúnra rẹ̀. Ẹyẹ náà sì ń kú lọ.

Ní 2015, àjọ IUCN, tó ń ṣọ́ àwọn ẹ̀dá tó ń run láyé, gbé igún tiwa yìí, èyí tó máa ń bà sórí òrùlé àti ààtàn, sí ipele tó gbẹ̀yìn kí ẹ̀dá tó pa rẹ́ nínú igbó. Oríṣi mẹ́ta mìíràn ní Áfíríkà bá a dé ibẹ̀ lọ́dún kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo òwe náà bí àwọn tó pa á ṣe tò ó. Gbólóhùn mẹ́ta ni, wọn kò sì kàn ń tún ara wọn sọ. Èkínní ni pípa. Ẹni tó kàn pa ẹyẹ sọnù kò ní àwíjàre kankan ju pé ó lágbára láti pa á. Èkejì ni jíjẹ, àwíjàre tibẹ̀ sì wúwo, torí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí ebi ń pa tó pa ẹran jẹ, Yorùbá kì í dá a lẹ́bi. Ẹ̀kẹta ló wá ga jù: orí. Kí ni èèyàn ní tó ju orí rẹ̀ lọ? Ẹni tó ń bọ orí, ire ayé rẹ̀ ló ń wá: ọmọ, owó, àlàáfíà, ẹ̀mí gígùn. Àwọn tó pa òwe yìí mọ ìyẹn dáadáa. Wọ́n mú àwíjàre tó lágbára jù lọ lọ́wọ́ ọmọ èèyàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò tó.

Ohun tí mo rí fà yọ níbẹ̀ ni pé ẹ̀mí kan wà tí ire tèmi, bó ti wù kó tóbi tó, kò lè jẹ́ ìdí tí màá fi gbà á.

Àwọn kan á ní mò ń sọ ìríra lásán di ọ̀wọ̀. Igún ń jẹ òkú ẹran, orí rẹ̀ pá, ó ń rùn. Ta ni yóò jẹ ẹ́? Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ àgbà máa ń ṣàlàyé èèwọ̀ náà báyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìríra nìkan ni, kí wọ́n ní a kì í jẹ ẹ́ ì bá ti tó. Èèyàn kì í jẹ aáyán, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ká má pa aáyán. Pípa ni wọ́n kọ́kọ́ kà léèwọ̀. Ẹyẹ tí wọ́n sì fi sọ ọ́ kì í ṣe ọ̀kín, kì í ṣe odídẹrẹ́. Ìyẹn wú mi lórí gan-an. Bí ayé bá fẹ́ kó owó jọ láti dá ẹran sí, àwòrán erin, ẹkùn àti ìnàkí ni wọ́n máa ń gbé kiri. Òwe tiwa lọ bá ẹyẹ tí kò sẹ́ni tó fẹ́ wò lójú. Nínú ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa, bí igún bá bà lé ẹbọ, ọkàn ẹlẹ́bọ á balẹ̀ pé ẹbọ ti dà. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà kò gbàgbé rẹ̀: Ọ̀ṣun tí wọ́n ń pè ní Ibú Kolé níbẹ̀, igún ni ẹyẹ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwe náà kò ní ká gba igún là. Ká má pa á ló wí. Ẹni tó bá ti káwọ́ rẹ̀ kò, ṣé kò ti ṣe tirẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí, ìtàn Íńdíà ló sì là mí lójú sí i.

Àwọn ará Íńdíà kì í dọdẹ igún. Àwọn Parsi tó wà ní Mumbai tilẹ̀ máa ń gbé òkú wọn sílẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀ lórí ilé gíga kan, torí ẹ̀sìn wọn kò fẹ́ kí òkú sọ ilẹ̀ tàbí iná di aláìmọ́. Àìmọye mílíọ̀nù igún ló wà ní Íńdíà nígbà yẹn. Láti nǹkan bí 1990, láàárín bí ọdún 15, oríṣi mẹ́ta nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán: nínú 100, ó lé ní 95 tó kú. Kò sẹ́ni tó yìnbọn. Ní 2004, dókítà ẹran kan, Lindsay Oaks, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ní Pakistan ló tú àṣírí náà. Diclofenac, oògùn ara ríro tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ nílé kẹ́míìsì, ni wọ́n ń fún màlúù tí ara ń dùn. Bí màlúù náà bá kú tí igún jẹ ẹ́, kíndìnrín igún á daṣẹ́ sílẹ̀, yóò sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Bí oògùn náà bá wà lára òkú ẹran tí kò tó 1 nínú 100, ó ti tó láti run wọ́n, torí ọ̀pọ̀ igún ló ń pé lé òkú kan ṣoṣo lórí, abo igún kì í sì í yé ju ẹyin kan lọ lọ́dún.

Ẹni tó gún màlúù rẹ̀ lábẹ́rẹ́, àánú ló fi ṣe é. Kò ro ti igún mọ́ ọn rárá. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ló pa á. Nígbà tí àwọn baba wa pa òwe yìí, ẹni tó fẹ́ pa igún ní láti fojú rí i, kó sọ òkò tàbí kó ta ọfà. Lónìí, ọwọ́ wa ti gùn ju ojú wa lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pa èèwọ̀ yẹn mọ́ kò lè jókòó kó ní òun kò mú ìbọn. Ó gbọ́dọ̀ wádìí ibi tí ọwọ́ òun dé, kó sì fà á padà. Ìwádìí yẹn àti fífà tí a ń fa ọwọ́ padà, òun gan-an ni ayé ń pè ní gbígba ẹran là. Mi ò kà á sí àánú. Ẹni tó san gbèsè kò tíì tọrẹ.

Ní 2006, Íńdíà, Nepal àti Pakistan fòfin de lílo diclofenac fún ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì fi meloxicam, tí kì í pa igún, rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀dá ti ń run láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí a fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, kò tíì fèsì sí ìtàn yìí. Ọlọ́run kọ́ ló fún màlúù ní abẹ́rẹ́.

Ìbéèrè tó wúwo jùyẹn ni ti àwọn tó ní èèyàn ń kú, ẹ ń náwó lé ẹyẹ lórí. Mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí igún tán ní Íńdíà, òkú ẹran ń jẹrà nílẹ̀, ajá ìgboro ń bí sí i, àrùn dìgbòlugi sì ń ti ara ajá bọ́ sára èèyàn. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Eyal Frank àti Anant Sudarshan, ṣírò rẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde ní 2024: láàárín 2000 sí 2005, nǹkan bí 500,000 èèyàn ló kú tí ì bá má kú ká ní igún ṣì wà. Ẹ má jẹ́ ká wá sọ ìyẹn di ìdí kan ṣoṣo o. Ẹni tó dá ẹ̀dá sí torí èrè nìkan, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, yóò jẹ́ kó kú.

Ibi tó dùn mí jù ni ilé. Àdúrà wa ni pé gúnnugún kì í kú léwe. Torí àdúrà yẹn gan-an ni àwọn kan ṣe ń wá orí igún kiri ní ìsọ̀ lékulẹ́ja, fún ẹ̀mí gígùn, fún àwúre, fún kí tẹ́tẹ́ lè jẹ. Ní Guinea-Bissau, ní 2020, igún tó lé ní 2,000 ni wọ́n fi májèlé pa; wọ́n bá òkú àwọn kan nílẹ̀ láìní orí. Ohun kẹta tí òwe náà kà léèwọ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe wí i gẹ́lẹ́. Ẹni tó gé orí igún láti fi tún orí tirẹ̀ ṣe, ẹ̀mí gígùn tó ń tọrọ ló gé kúrú lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Àjọ Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jíròrò lórí ewé àti egbò tí wọ́n lè lò dípò igún. Mo fara mọ́ ọn, torí kò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú iṣẹ́ baba rẹ̀. Obì, omi, ẹja àrọ̀ àti ẹyẹlé ni a ti fi ń bọ orí tipẹ́tipẹ́.

Kò tíì pẹ́ jù. Ní 1987, condor ti California, ẹyẹ tó jọ igún, ku 27 péré láyé, gbogbo wọn nínú àgò. Ọta òjé tí àwọn ọdẹ fi sílẹ̀ lára ẹran wà lára ohun tó pa wọ́n. Lónìí wọ́n ti lé ní 500. Tiwa kò tíì dé ibi àgò. Kí ìlú dá igi àràbà rẹ̀ sí, torí orí irú igi bẹ́ẹ̀ ni igún ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Kí ẹni tó fi májèlé pa ajá má gbé òkú rẹ̀ jù sórí ààtàn. Kí dókítà ẹran máa bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò jẹ ẹran yìí bó bá kú. Ẹni tó sì lọ wá ìrànlọ́wọ́ fún orí ara rẹ̀, bí wọ́n bá sọ fún un pé orí igún nìkan ló kù kí iṣẹ́ náà pé, kó dìde kúrò lórí ẹní.