Ẹ̀wù Ayẹta Àfọwọ́ṣe àti Ìgbáralé Ọlọ́hun

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan ni ó mú mi gbé kálàmù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń fi fáíbà tún bọ́ńpà ọkọ̀ ṣe ni ó dá mi dúró lẹ́yìn ìrun Iṣáì. Ó ní àwọn tí ń ṣọ́ àdúgbò àwọn lóru ń fi àyà lásán ko ìbọn, òun sì rò pé òun lè fi aṣọ fáíbà àti résìn, oje kẹ́míkà tí ń le gbandi yẹn, ṣe ẹ̀wù ayẹta fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹni méjì ni kò jẹ́ kí ó tíì bẹ̀rẹ̀. Àfáà kan sọ fún un pé ẹni tí ó bá gbára lé Ọlọ́hun kò nílò ẹ̀wù kankan. Bàbá rẹ̀ ní kí ó kúkú bá wọn gba ayẹta ìbílẹ̀, nítorí pé ìyẹn kò wúwo. Ó wá bi mí pé: "Alàájì, ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?"

Mo ní kí ó má gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ Àfáà. Nínú Súrà Al-Anbiyáì, áyà 80, Ọlọ́hun jẹ́ kí á mọ̀ pé Òun fúnra Rẹ̀ ni ó kọ́ Ànábì Dáúdà ní iṣẹ́ ẹ̀wù ogun, kí ó lè dáàbò bo àwọn ènìyàn. Ànábì wa Muhammad wọ ẹ̀wù irin méjì léra lọ́jọ́ ogun Úhùdù, ní ọdún kẹta Híjírà (625). Ta ni ó gbára lé Ọlọ́hun jù ú lọ? Nígbà tí ó sì fi ayé sílẹ̀, ẹ̀wù irin rẹ̀ wà lọ́wọ́ Júù kan tí ó fi dógò nítorí ọkà báálì. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀wù wíwọ̀ ba ìgbáralé jẹ́, kí ó wá sọ ohun tí Ànábì ń fi ẹ̀wù ṣe títí di ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Úhùdù kan náà kọ́ wa pé ẹ̀wù kì í ṣe Ọlọ́hun. Òrùka méjì lára àṣíborí irin ni ó wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ànábì lọ́jọ́ náà. Eyín ni sàábé rẹ̀, Abu Ubayda, fi fà wọ́n yọ, títí eyín iwájú rẹ̀ méjì fi yọ dànù. Ohun tí a fi dáàbò bo orí ni ó ṣe orí léṣe.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá. A kò gbọ́dọ̀ bu àgbà kù, ṣùgbọ́n ayẹta ìbílẹ̀ ní àléébù kan yàtọ̀ sí pé ó ń wá orogún fún Ọlọ́hun: kò ní ìwọ̀n. Bí ìbọn kò bá wọlé, wọ́n á ní oògùn jẹ́. Bí ó bá wọlé, wọ́n á ní olóògbé ni ó jẹ èèwọ̀. Kò sí ọjọ́ tí a ó sọ pé oògùn ni ó jẹ̀bi. Òkú ni ó máa ń ru ẹ̀bi náà lọ sí sàréè.

Níbí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Mo bi í pé: "Báwo ni o ṣe máa mọ̀ pé tìrẹ yóò jẹ́?" Ó ní fáíbà le. Mo ní, bẹ́ẹ̀ náà ni oníṣègùn ṣe ń wí.

Òótọ́ ni pé a ti fi fáíbà ṣe ẹ̀wù ogun rí. Ní 1943, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe irú rẹ̀ kan tí wọ́n pè ní Doron, nítorí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Georges Doriot. Òwú dígí ni wọ́n tẹ̀ léra pẹ̀lú résìn. Àwọn ọmọ ogun wọn wọ̀ ọ́ ní Okinawa ní 1945, wọ́n sì tún wọ irú rẹ̀ nígbà ogun Kórià. Ṣùgbọ́n àfọ́kù irin tí bọ́ǹbù ń fọ́n ká ni wọ́n ṣe é fún. Kì í dá ọta ìbọn gígùn ológun dúró.

Fáíbà bọ́ńpà kì í sì í ṣe fáíbà ogun. Ti bọ́ńpà, a fẹ́ kí ó le, kí ó sì dán, nítorí náà résìn rẹ̀ máa ń pọ̀. Èyí tí yóò gba ọta kò gbọ́dọ̀ ní résìn púpọ̀, nítorí pé nígbà tí òwú bá ń já, tí ìpele kan ń ṣí kúrò lára èkejì, ni agbára ọta ń tán díẹ̀díẹ̀. Bí résìn bá pọ̀ jù, á kàn sán bí àwo ni.

Àní àwọn tí ń dán tiwọn wò pàápàá ń ṣìnà. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń gbé ẹ̀wù lé amọ̀, wọ́n á yìnbọn fún un. Bí ọta kò bá tilẹ̀ wọlé, tí amọ̀ bá ti jin kọjá mìlímítà 44, ẹ̀wù náà ti kùnà. Síbẹ̀ ẹ̀wù tí wọ́n fi òwú kan tí ń jẹ́ Zylon ṣe yege. Ní 2003, ọta la irú rẹ̀ kọjá lára ọlọ́pàá kan ní Pennsylvania. Ìwádìí fi hàn pé òwú náà ń rẹ̀ bí ó ti ń pẹ́, nígbà tí ó fi di 2005, ìjọba yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní: "Àlàájì, ṣé díẹ̀ kò sàn ju àìsí lọ ni?" Ìbéèrè tí ó lágbára ni, nítorí pé àwọn ọlọ́dẹ náà ń jáde ní alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo ní, nínú oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú ẹ̀wù ayẹta, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé àyà òun ṣófo yóò sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri nígbà tí ìbọn bá dún. Ẹni tí o bá wọ ẹ̀wù fún yóò jáde síta. Ọ̀rọ̀ rẹ ni yóò mú un jáde, kì í ṣe fáíbà. Nítorí náà, fáíbà tí a kò dán wò, òǹdè ni. Èyí tí bàbá rẹ fẹ́ kí o gbà ni ìwọ náà fẹ́ máa tà, résìn ni o kàn fi bò ó.

Ẹ rántí ọkùnrin tí ń ta oúnjẹ lọ́jà, tí Ànábì ki ọwọ́ bọ òkìtì ọjà rẹ̀, tí ó sì bá omi nísàlẹ̀. Ó bá a wí pé kí ló dé tí kò gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn rí i, ó sì ní ẹlẹ́tàn kì í ṣe ara wa. Fáíbà dà bí òkìtì yẹn. Òkè rẹ̀ lè máa dán gbinrin, kí afẹ́fẹ́ àti òwú gbígbẹ tí résìn kò dé wà nínú. Ọ̀dà tí a kùn ún ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ padà sọ́dọ̀ Ànábì Dáúdà. Nínú Súrà Sabaì, áyà 11, Ọlọ́hun kò kàn ní kí ó ṣe ẹ̀wù. Ó pa á láṣẹ pé kí ó wọn àwọn òrùka rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ rọ irin fún, òun náà ni a ní kí ó wọ̀n! Ìwọ̀n yẹn jẹ́ ara ìjọ́sìn bí ìrun ṣe jẹ́. Mo ní kí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn tí òfin gbà láàyè láti yìnbọn dán an wò, kí ó kọ ohun tí ó lè dá dúró àti ohun tí kò lè dá dúró sára rẹ̀ gbangba, kí ó má sì tà á fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Títí ìgbà náà, tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti ògiri tí ó nípọn ni kí ó bá wọn wá.

Inú rẹ̀ kò dùn nígbà tí ó ń lọ. Èmi náà kò sùn dáadáa, nítorí mo gbọ́ fèrè àwọn ọlọ́dẹ lóru. Ṣùgbọ́n ó sàn kí inú èèyàn bàjẹ́ lónìí ju kí ó jíhìn ẹ̀jẹ̀ níwájú Ọba Adájọ́ lọ́la.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn tí ń ṣọ́ wa, kí Ó sì fi òdodo sí ọwọ́ gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́. Àmín.