Ìsinmi Abiyamọ àti ti Aláìsàn: Ẹ̀tọ́ Ni Tàbí Oore?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí. Bí a bá rìn láti Ajíbọ́dẹ wa yìí dé Ṣáṣá àti Òjóò, a óò rí i pé púpọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan ń kọ́ ọmọ ní iléèwé aládàáni, àwọn kan wà ní oko adìẹ, àwọn kan ń bá olóògùn tajà, àwọn kan ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò ní àdéhùn kankan ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nígbà tí ara bá le, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dá òṣìṣẹ́ dùbúlẹ̀, tàbí tí obìnrin bá bímọ, ìgbà náà ni a máa ń mọ irú ọ̀gá tí ó ní. Ọ̀gá kan a yọ owó gbogbo ọjọ́ tí kò wá. Òmíràn a ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Èyí tí ó bá sì fún un láàyè, a máa retí ọpẹ́ bí ẹni tí ó ṣe sàráà.

Ìbéèrè wa nìyí: ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ fi sinmi nítorí àìsàn tàbí ìbímọ, ṣé oore ọ̀gá ni àbí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́? Ìyàtọ̀ inú rẹ̀ kò kéré. Oore, ẹni tí ń ṣe é lè dá a dúró nígbà tí ó bá wù ú. Ẹ̀tọ́, ẹni tí ó bá dì í mú ti di alábòsí.

Àwọn tí ó ní oore ni máa ń sọ pé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń gba owó iṣẹ́. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lónìí, kí ni ó fẹ́ gba owó lé lórí? Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò délẹ̀. Ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ kò ra ọkọ́. Ọkọ́ kì í ṣàìsàn, ọkọ́ kì í sì í bímọ. Láti ọjọ́ kìíní ni ọ̀gá ti mọ̀ pé ọmọ ènìyàn ni òun gbà, pé ara ọmọ ènìyàn kì í ṣe irin. Ẹni tí ń sin ẹran mọ̀ pé yóò jẹko. Nítorí náà, ìsinmi aláìsàn àti ti abiyamọ ti wà nínú àdéhùn náà, bí ẹnu kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ṣe. Nínú Súrà Bákárà, Ó gbé ààwẹ̀ Rámàdánì kúrò lọ́rùn aláìsàn títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Nínú Súrà kan náà, Ó fi ọdún méjì gbáko sílẹ̀ fún ìyá tí ó bá fẹ́ fún ọmọ lọ́yàn pé. Bí Ọba tí ó dá wa bá lè dúró de aláìsàn lórí ẹ̀tọ́ ti Rẹ̀, ta ni àwa tí a kò lè dúró dè é lórí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta?

Àwọn onítàn sọ nípa Sayyidinā Umar ọmọ Khattāb pé, nígbà tí ó jẹ́ olórí àwọn Mùsùlùmí, ó ń fún àwọn ọmọ ní owó láti inú àpò ìjọba, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bá ti já lẹ́nu ọmú nìkan ni ó ń fún. Lóru ọjọ́ kan, ó gbọ́ igbe ọmọ kan léraléra. Ìyá ọmọ náà, tí kò mọ ẹni tí ń bá òun sọ̀rọ̀, sọ fún un pé òun ń kánjú já ọmọ náà lẹ́nu ọmú nítorí àṣẹ Umar. Umar sunkún nídìí ìrun àsùbáà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti bí ọmọ ni owó rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó! Umar kò na ẹnikẹ́ni, kò gba dúkìá ẹnikẹ́ni. Òfin tí kò ro ti abiyamọ mọ́ ọn ni ó pa á lẹ́kún.

Nílẹ̀ wa níbí, òfin kò dákẹ́ pátápátá. Òfin iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974, tí a ń pè ní Labour Act, sọ pé obìnrin tí ó bá mú ìwé dókítà wá pé ó ṣeé ṣe kí òun bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sinmi. Wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ó tẹ̀lé ìbímọ. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdajì. Bí ó bá padà dé, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni kí wọ́n fún un láti fi fún ọmọ lọ́yàn. Wọn kò sì gbọdọ̀ fún un ní ìwé ìdádúró nígbà tí ó wà nínú ìsinmi náà. Òfin yìí dárúkọ ilé iṣẹ́ ìjọba àti ti aládàáni, ó sì dárúkọ oko pẹ̀lú. Ní ti àìsàn, òṣìṣẹ́ tí dókítà bá jẹ́rìí sí lè gba owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún. Àwọn bàbá ọmọ náà ti ń rí díẹ̀: ní 2014, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ní ọjọ́ mẹ́wàá, ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọjọ́ iṣẹ́ 14 lélẹ̀ fún tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin ní ibi tí ó mọ. Òṣìṣẹ́ tí Labour Act ń sọ ni ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ akọ̀wé. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ àti ti alákòóso kò sí lára rẹ̀. Olùkọ́ iléèwé aládàáni lè rí i pé ìwé àdéhùn rẹ̀ nìkan ni òun ní láti gbára lé, bí ó bá tilẹ̀ ní ìwé. Níbi tí òfin bá dákẹ́, ǹjẹ́ ìbẹ̀rù Ọlọ́hun náà dákẹ́ bí? Rárá o. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ onígbàgbọ́.

Olówó kékeré yóò ní, "Ọmọ iléèwé mi kò pọ̀, níbo ni kí n ti rí owó san fún ẹni tí kò wá?" Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, a kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ kí ó rántí pé ẹrù náà kò parẹ́. Ẹrù tí ó ní ó wúwo jù fún òun, orí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ ni ó gbé e kà. Ta ni nínú àwọn méjèèjì ni agbára rẹ̀ kéré jù? Kí ó máa ya díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, kí àwọn olùkọ́ yòókù pín kíláàsì náà mú, kí wọ́n sì kọ iye tí ó lè san sílẹ̀ kí oyún tó dé. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e yàtọ̀ sí ẹni tí kò fẹ́ ṣe é.

Àwọn kan á ní àwọn kò ní gba ọ̀dọ́bìnrin tí ó wà nílé ọkọ síṣẹ́ mọ́. Àwa Mùsùlùmí ni a máa ń sọ pé obìnrin ni kí ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa, pé obìnrin ni kí ó gbẹ̀bí fún àwọn ìyàwó wa. Bí a kò bá fún àwọn obìnrin náà láàyè láti bímọ tiwọn kí wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́, níbo ni a ó ti rí wọn? Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ ilé kéwú àti àwọn alámòójútó wa ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Òṣìṣẹ́ náà, gbọ́ tìrẹ. Ẹni tí ó ra ìwé dókítà láti fi lọ síbi ìnáwó ti jalè, ó sì ti ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lóòótọ́. Tètè ránṣẹ́, sọ òótọ́, sì padà ní ọjọ́ tí o dá.

Bí aáwọ̀ bá dé, kí a má fi èébú bẹ̀rẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ bá ọ̀gá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Bí kò bá gbọ́, kí wọ́n pe àgbà tí àwọn méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Bí èyí náà kò bá tán an, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ń bẹ. Láti ìgbà àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 2010, National Industrial Court ni ilé ẹjọ́ tí a yà sọ́tọ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń jókòó n'Ìbàdàn. Kì í ṣe ọ̀tẹ̀ ni kí ènìyàn béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ a máa fẹ́ ẹ̀rí, ìdí nìyí tí Àlùkùránì fi kọ́ wa pé kí a máa kọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀. Owó iṣẹ́ tí a kò tíì san, gbèsè ni.

Ànọ́bì wa kìlọ̀ pé Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ni yóò jẹ́ olùpẹ̀jọ́ ní Ọjọ́ Àlùkìyámà lórí ẹni tí ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ alágbàṣe tán tí kò san owó rẹ̀. Ẹjọ́ tí Ọlọ́hun bá pè, kò sí lọ́yà tí yóò gbà á. Kí Ọlọ́hun má ṣe wá ní alábòsí, kí Ó má sì fi wá sábẹ́ alábòsí. Kí Ó fún aláìsàn wa ní ìlera, kí Ó sì sọ abiyamọ wa àti ọmọ ọwọ́ wọn kalẹ̀ ní àlàáfíà. Àmín.